Ilẹ̀ Ẹbí ní Etí Omi Àgbádárìgì: Títà, Lísì, Ilé Àlejò, tàbí Ilé Òṣìṣẹ́?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí tó ní ilẹ̀ sí erékùṣù Gberefu àti sí etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì ń bá yí lónìí, tí àwọn baba wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdí láti bèèrè: kí ni ká fi ilẹ̀ yìí ṣe, nígbà tí owó tí àwọn ará Èkó àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń fi lọ̀ wá ti ju ohun tí àgbọn àti ẹja lè pa wọlé lọ? Ìdáhùn tí ẹbí kan bá mú kì í parí sí ọ̀dọ̀ ẹbí náà nìkan. Òun ni yóò sọ bóyá ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi yóò rí yàrá gbé nítòsí èbúté, bóyá obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àlejò yóò máa jí láàárín òru kí ó tó lè dé ibi iṣẹ́, àti bóyá àwọn ọmọ ọmọ wa yóò jẹ́ onílé tàbí aṣọ́lé lórí ilẹ̀ tí a bí wọn sí.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí: kí a ta ilẹ̀ náà pátápátá, kí a fi í lísì fún olówó kan fún ọdún gbọọrọ, kí a fúnra wa kọ́ ilé àlejò sí i, tàbí kí a kọ́ yàrá tí òṣìṣẹ́ lè háyà lọ́dọọdún. Ọ̀nà karùn-ún wà, èyí tí í ṣe kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, n ó sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kan án tó bá yá.

Ká tó fi wọ́n wéra, ó yẹ ká mọ ohun tí àlejò ń bá wá. Gberefu jẹ́ ilẹ̀ tóóró láàárín ọ̀sà àti òkun Àtìláńtíìkì, ní òdì-kejì omi sí ìlú, ọkọ̀ ojú omi la sì fi ń dé ibẹ̀ láti èbúté Àgbádárìgì. Àwọn Ògù àti àwọn Ìlàjẹ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ẹja pípa àti oko àgbọn ló ń gbé e. Ojú ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun, kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún wọn mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, àti Ibi Àìpadàbọ̀ tó wà ní ìparí ọ̀nà náà ló ń fa èrò lọ síbẹ̀. Nínú ìlú, wọ́n ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845, àti ilé tí Seriki Williams Abass ń kó ẹrú sí, àti ọjà Vlekete. Ohun kan tí àwọn tó ń polówó ilẹ̀ kì í sọ ni pé púpọ̀ nínú àlejò wọ̀nyí, àgàgà àwọn ọmọ iléèwé tó ń wá kọ́ ìtàn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dé tí wọ́n sì ń padà. Ọkọ̀ ojú omi, afinimọ̀nà, oúnjẹ àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ ni wọ́n nílò. Ibùsùn kò sí nínú ètò wọn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni owó tó ń wọlé ní oṣù tó gbẹ jù lọ, kì í ṣe ti àsìkò Kérésì tàbí ti ọdún Iléyá. Ní ibi tí àlejò ń gbé ọrọ̀ ajé ró, owó ilé máa ń tẹ̀ lé àpò àlejò, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ máa ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ àlejò, ẹsẹ̀ náà sì lè dá lójijì. Ní oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀, wọn kò sì ṣí ti Seme, ẹnubodè Benin tó wà nítòsí wa, títí di oṣù Kejìlá 2020. Láàárín ìyẹn ni àrùn Kòrónà wọlé, tí wọ́n sì sé Èkó mọ́lé láti òpin oṣù Kẹta 2020. Àwọn tó lówó jù wá lọ kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní Hawaii, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Maldives kò gba àlejò kankan wọlé láti òpin oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù Keje. Lọ́dọ̀ tiwa, kò tilẹ̀ di ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé: òjò oṣù Kẹfà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti 2009, tó láti jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ wá ní òpin ọ̀sẹ̀ jókòó sílé rẹ̀. Reluwé Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023 ran ìrìn náà lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ Mile 2 ni ó ja èrò sí, ọ̀nà sì ṣì jìn láti ibẹ̀ dé èbúté wa.

Òṣùwọ̀n kejì ni iṣẹ́: ta ni iṣẹ́ ń bọ́ sí lọ́wọ́, fún ìgbà wo, àti pé ṣé iṣẹ́ tó ń kọ́ni ní ọwọ́ ni, àbí kí a kàn máa ṣí géètì.

Òṣùwọ̀n kẹta ni ibùgbé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ wo erékùṣù Boa Vista ní Cape Verde, orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọrọ̀ ajé rẹ̀ ń ti ọwọ́ àlejò wá. Àwọn ilé ìtura ńláńlá dé síbẹ̀, iṣẹ́ dé, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti Santiago, erékùṣù mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà, àti ilẹ̀ Áfíríkà yòókù wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ronú ibi tí wọn yóò sùn, títí tí àdúgbò kan fi hù tí wọ́n ń pè ní Barraca, tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí kò ní iná tó péye, nígbà tí àlejò ń wẹ̀ nínú adágún kò jìnnà síbẹ̀. Ní erékùṣù Canary ti ilẹ̀ Sípéènì, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ìkùnsínú: ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2024, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jáde sí ìgboro ní gbogbo erékùṣù ibẹ̀ láti sọ pé àwọn kò rí ilé háyà mọ́ ní ìlú tí àwọn ń fi òógùn ojú àwọn gbé ró.

Ìkẹrin ni bóyá a lè yí ìpinnu náà padà bí ọjọ́ bá yí padà. Bí ẹ bá bi mí léèrè, èkínní àti ìkẹrin ló wúwo jù, nítorí ẹbí tó bá yè oṣù tó gbẹ, tí ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, lè tún èyí tó kù ṣe.

Ìṣirò kékeré kan yóò wúlò fún òṣùwọ̀n kẹta. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà, ìjọba Èkó sì gbé tirẹ̀ dé 85,000. Bí òṣìṣẹ́ tó ń gba 85,000 bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta san owó ilé, díẹ̀ ló fi lé ní 28,000 lóṣù, ìyẹn 340,000 lọ́dún; ohunkóhun tó bá ju èyí lọ, ọbẹ̀ ọmọ ni yóò ti yọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé òfin owó oṣù tó kéré jù lọ kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn, tí wọ́n ń wa ọkọ̀, tí wọ́n sì ń dín ẹja fún àlejò ní Àgbádárìgì kò sí lábẹ́ ààbò rẹ̀ rárá.

Títà pátápátá

Títà ni owó rẹ̀ yá jù, òun náà ni ó sì lè da ẹbí rú jù. Òfin ilẹ̀ ẹbí tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé kò fara sin: ilẹ̀ tí ọmọ ẹbí kan dá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ kò tíì tà, èyí tí olórí ẹbí dá tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí tó kù, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pe ẹjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, tó sì béèrè ìfọwọ́sí ìjọba kí ìgbéfúnni tó lè fìdí múlẹ̀. Ẹbí tó bá ta ilẹ̀ láìka nǹkan wọ̀nyí sí ti ra ẹjọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí owó bá sì wọlé tán, ìjà mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ lórí pínpín, yálà ní ìdí-igi (ìyá kọ̀ọ̀kan) tàbí ní orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan), èyí tó dára kí a ti fẹnu kò lé lórí, kí a sì kọ sílẹ̀, ṣáájú kí olùrà tó mú owó dé.

Ní ti iṣẹ́, títà ni ó kẹ́yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí olùrà bá kọ́lé, bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó yanrìn sọdá yóò rí iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà aṣọ́nà kan ni yóò kù. Bí kò bá kọ́ ọ, tí ó kàn fi ọgbà yí i ká tí ó ń retí kí owó rẹ̀ lọ sókè, aṣọ́nà yẹn pàápàá kò ní sí, síbẹ̀ iye tí ó fi rà á yóò ti di ìwọ̀n tí gbogbo àdúgbò fi ń dá owó lé ilẹ̀ àti yàrá tiwọn. Báyìí ni owó ilé ṣe ń gòkè ní ibi tí iṣẹ́ kò ti pọ̀ sí i.

Àwọn tó fẹ́ kí ẹ tà yóò mẹ́nu ba ojú ọ̀nà ńlá tí ìjọba kéde ní 2024 pé yóò ti Àgbádárìgì lọ dé Sókótó, wọn yóò sì fi èbúté ọkọ̀ òkun tí a ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kún un. Bí nǹkan wọ̀nyí yóò bá sọ ilẹ̀ di wúrà lóòótọ́, ìdí tí ajẹ́ntì fi ń kánjú kí ẹ tà á nínú oṣù yìí gan-an kò yé mi.

Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí títà lè gbé erékùṣù dé, kí ó wo Maui ní Hawaii, níbi tí ilé tó wà ní àárín gbùngbùn iye owó ọjà ti kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là. Lẹ́yìn iná tó jó ìlú Lahaina ní oṣù Kẹjọ 2023, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún di aláìnílé, ojú wọn là sí i pé ilé wà níbẹ̀ lóòótọ́, àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Ní oṣù Karùn-ún 2024, olórí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ dábàá kí wọ́n fòpin sí nǹkan bí 7,000 irú ilé bẹ́ẹ̀ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè rí ibi gbé. Ìjọba tó lówó bẹ́ẹ̀ ń wá ọ̀nà láti gba ilé padà fún àwọn ará ìlú rẹ̀. Ẹ wò ó bí yóò ti ṣòro tó fún ẹbí kan ní Gberefu.

Síbẹ̀, títà ní ipò tirẹ̀. Ẹbí tí ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, tí kò sì ní kọ́bọ̀ láti fi wọn ilẹ̀ tàbí ṣe ìwé, lè ta ìwọ̀nba apá kan, èyí tó jìnnà sí omi, kí ó fi owó rẹ̀ fi ìdí ìyókù múlẹ̀.

Lísì

Nínú lísì, ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Olówó ni yóò kọ́lé, tí yóò máa san owó ilẹ̀, tí ọdún àdéhùn bá sì pé, ilẹ̀ àti ohun tó wà lórí rẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ onílẹ̀. Zanzibar ti pẹ́ lórí irú ìlànà yìí: lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ 1964, ìjọba ibẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ sọ́wọ́, àjèjì tó bá fẹ́ dá ilé ìtura sílẹ̀ kì í rà á, lísì ni ó ń gbà. Maldives náà, láti ìgbà tí ilé ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ ti ṣí níbẹ̀ ní 1972, a máa fi odindi erékùṣù kan lísì fún ilé iṣẹ́ kan. Àmọ́ ìjọba ni onílẹ̀ ní ibi méjèèjì, ìjọba sì ní lọ́yà àti akọ̀wé tí kì í sùn. Ẹbí ni onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ìwé àdéhùn ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe níbẹ̀. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró pẹ́.

Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lísì ọdún 99 yàtọ̀ sí títà lórí ìwé nìkan. Kò sí ẹni tó jókòó nínú ìpàdé yẹn tí yóò wà láyé láti gba ilẹ̀ náà padà. Ọdún 20 tàbí 25 tó fún olówó láti jèrè ilé tí ó kọ́, bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún ni owó. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí iye tí kò ní yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí yóò fi di 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹbí tó ti kọ iye kan sílẹ̀ fún ọdún 20 ṣáájú ìgbà náà ti fi ilẹ̀ rẹ̀ ta lọ́rẹ láìmọ̀. Ohun tó sàn ni kí ẹ gba iye kékeré kan tó dájú lọ́dọọdún, kí ẹ máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún méjì-méjì, kí ẹ sì fi ìpín kan nínú owó yàrá kún un. Ìpín yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ jọ jẹ ọdún tó dára. Iye tó dájú ni yóò sì gbé yín la oṣù tó gbẹ já, ohun tí ilé àlejò tiyín kò lè ṣèlérí.

Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà pẹ̀lú iye àti ipò rẹ̀. "A ó gba àwọn ọmọ ìlú síṣẹ́" kò ní ìtumọ̀ níwájú adájọ́. Kí wọ́n kọ iye ọmọ àdúgbò tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, kí àwọn kan nínú wọn wà ní ìdí àga, ní ibi ìdáná àti níbi ìwé owó, kì í ṣe ní ìdí géètì nìkan. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ̀ ojú omi àwọn ará ìlú ni yóò máa gbé àlejò sọdá, torí pé ilé ìtura tó bá ra ọkọ̀ tirẹ̀ lè gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo èbúté láàárín ọdún kan. Àǹfààní kan wà níbí tí àwọn ọ̀nà yòókù kò ní: ilé ìtura tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 25 ti bọ́ sábẹ́ òfin owó oṣù tó kéré jù lọ.

Èyí tó kù yá. Kí ọ̀nà etí òkun wà ní ṣíṣí fún apẹja àti fún ẹni tó ń lọ sí ojúbọ. Bí olówó kò bá tíì kọ́ nǹkan kan láàárín ọdún mẹ́ta, kí ilẹ̀ padà. Kí ó fi owó ìdánilójú sílẹ̀ fún ìgbà tí àlejò kò bá wá. Ìfọwọ́sí gómìnà kàn lísì bí ó ti kan títà, ẹ má sì jẹ́ kí lọ́yà olówó nìkan ni yóò ka ìwé náà.

Ilé àlejò tiwa

Òun ni ó wu ọ̀dọ́ jù, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì ń fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i, nítorí pé wọ́n ti rí ohun tí ilé ọlọ́jọ́ díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì, ń pa wọlé ní Lẹ́kkí. Ẹ̀rí tó dára wà fún un. Títí di 2009, òfin Maldives kò gba àwọn ará erékùṣù tí ènìyàn ń gbé láyè láti gba àlejò sílé. Ilé ìgbafẹ́ ńláńlá nìkan ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tú òfin náà, àwọn ará ìlú bí Maafushi kọ́ ilé àlejò kéékèèké, owó àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn tí kò rí i tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ àlejò tó dé Maldives ti fò kọjá òkun. Kò lè padà lọ sùn sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Tiwa lè padà. Ẹ jẹ́ ká fi iye àbá ṣírò rẹ̀, kí olúkúlùkù wá fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní yàrá mẹ́rin ni ẹ kọ́, tí ẹ ń gba 20,000 náírà lóru. Ká ní oṣù mẹ́rin lọ́dún ló dára, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń rí àlejò ní òru mẹ́jọ lóṣù: 640,000 lóṣù nìyẹn, 2,560,000 fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù mẹ́jọ tó kù, òru méjì péré ni: 160,000 lóṣù, 1,280,000 lápapọ̀. Owó tó wọlé lọ́dún di 3,840,000. Bí ẹ bá gba òṣìṣẹ́ méjì, tí ẹ sì ní ẹ̀rí ọkàn láti san 85,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi dandan lé e, 2,040,000 ti lọ. Ẹ yọ 960,000 fún epo jẹnẹrétọ̀, ọṣẹ, aṣọ ibùsùn àti gbígbé nǹkan sọdá omi, ohun tó kù kò ju 840,000 lọ. Atẹ́gùn iyọ̀ tó ń jẹ páànù àti ìlẹ̀kùn irin kò sí nínú ìṣirò yìí o, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ẹ fi kọ́lé, níbi tí gbogbo àpò sìmẹ́ńtì ti gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kí ó tó dé erékùṣù.

Ẹ tún wo oṣù tó gbẹ níbẹ̀: 160,000 wọlé, 170,000 jáde fún òṣìṣẹ́ kí ẹ tó ra epo kankan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé àlejò ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró nìyí, tàbí tí wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n máa ṣe sùúrù. Ẹbí tí kò ní owó ìpamọ́ oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí.

Fún ilẹ̀ tó sún mọ́ ojú ọ̀nà tí àlejò ń gbà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́ ilé ìdáná, ibi ìjókòó abẹ́ òjìji àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ ṣáájú yàrá kankan. Àwọn tó ń padà lọ́jọ́ kan náà ló pọ̀, ebi sì ń pa wọ́n. Obìnrin mẹ́ta tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ lè rí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dé, owó tí a fi kọ́ ọ kò sì tó ti yàrá méjì.

Yàrá fún òṣìṣẹ́

Èyí ni kò ní ariwo, n kò sì ní fi pamọ́ pé òun ni mo fẹ́ràn fún ilẹ̀ tó wà nínú ìlú. Yàrá mẹ́rin kan náà, bí a bá fi í háyà ní 15,000 lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò mú 720,000 wá lọ́dún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé àlejò tí a ṣírò lókè kò ju 120,000 lọ, kò sì sí aṣọ ibùsùn láti fọ̀. Ìyá ilé tí kò fẹ́ wàhálà yóò mọ èyí tí yóò mú. Ẹni tó ń gba 85,000 yóò sì rí i san, nítorí pé kò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù rẹ̀.

Ìdí tí ó fi dúró ṣinṣin ni pé àlejò nìkan kọ́ ló ń gbé e ró. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ASCON, ti wà ní Topo láti 1973. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba wà, àwọn olùkọ́ wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ẹnubodè Seme wà. Owó oṣù wọn kì í gbẹ nítorí òjò. Bí ẹ bá kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ sí Ajara, sí Topo tàbí sí Ibereko, yóò rí ayálégbé. Lórí Gberefu ni ó ti yàtọ̀: awakọ̀ ojú omi àti olùkọ́ díẹ̀ ló lè háyà níbẹ̀, nítorí náà yàrá méjì tó, kì í ṣe mẹ́jọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ilé àlejò ṣe ń ṣe. Iṣẹ́ tó ti wà ló ń dì mú. Ilé àlejò inú àpẹẹrẹ wa gba ènìyàn méjì síṣẹ́, yàrá mẹ́rin yìí kò gba ẹnì kankan, àfi pé ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mẹ́rin máa gbé ní ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ń retí owó ọdún méjì láti fi parí òrùlé, kí ó wá ọ̀nà mìíràn.

Ní ti fífi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àgbọn àti yíyan ẹja, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí ẹnì kan bá ń tọ́jú rẹ̀ tí ààlà sì hàn. Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni níbẹ̀ ni àwọn tó ń jí ilẹ̀ tà ń wá, Òfin Ààbò Ohun Ìní tí Èkó ṣe ní 2016 nítorí wọn kò sì tíì mú gbogbo wọn sinmi.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹbí tó ní ilẹ̀ gbòòrò ní etí òkun ní Gberefu, tí ohùn rẹ̀ ṣọ̀kan, tó sì lè san owó lọ́yà tirẹ̀, kí ó mú lísì, ọdún 25 ó pọ̀ jù, pẹ̀lú iṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi nínú ìwé. Bí ohùn kò bá ṣọ̀kan, kí ó má ṣe lísì, kí ó má sì tà. Ẹnì kan péré tó bá binú lè fi ilé ẹjọ́ dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹbí tó ní ilẹ̀ kékeré nínú ìlú, tí àwọn àgbà inú rẹ̀ ń fi owó ilé jẹun, yàrá òṣìṣẹ́ ni kí ó kọ́. Àwọn tó ní ọmọ lókè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́, tí ẹnì kan sì wà nílé tó mọ bí a ti ń gba àlejò, lè kọ́ yàrá mẹ́ta fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àlejò, kí wọ́n máa wo bí ọdún méjì yóò ti rí kí wọ́n tó fi kún un. Ẹbí tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ibi Àìpadàbọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi oúnjẹ.

Títà wà fún ẹni tí gbèsè tàbí àìsàn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò sí ọ̀nà mìíràn, tàbí fún ẹbí tó fẹ́ fi apá kan ṣe ìwé ìyókù. Ẹni tí kò bá sí nínú méjèèjì, tí ajẹ́ntì sì ti ń pè lójoojúmọ́, kí ó kọ́kọ́ pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ó wọn ilẹ̀ náà, kí ó kọ orúkọ gbogbo àgbà ẹbí tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan sílẹ̀, kí ó sì sọ fún ajẹ́ntì náà pé kí ó padà wá nígbà tí iṣẹ́ wọ̀nyí bá parí.